Ọjọ́ Mélòó Kí A Tó Lọ? Ìfitónilétí àti Iṣẹ́ Aláìníwèé ní Gúúsù Èkìtì, láti Ìwọ̀fà dé Òfin 1974

Ní Ìgbàrà-Odò, ìlú Arájàká ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹnu ni a fi ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́. Oko kòkó, ilé búrẹ́dì, ṣọ́ọ̀bù, ibi ìlagi: ọ̀rọ̀ ẹnu àti owó oṣù tí a fẹnu kò sí ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ ni ìjà máa ń bẹ́. Òṣìṣẹ́ a ní níwọ̀n bí kò ti sí ìwé, kò sí ohun tó de òun mọ́lẹ̀. Ọ̀gá a ní ẹni tó bá lọ lójijì ti pàdánù owó tó ti ṣiṣẹ́ fún. Òfin Nàìjíríà kò ti èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n èrò wọn kò ṣàdédé hù.

Àdéhùn ìwọ̀fà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó tí a yá. Kò dín ojú owó náà kù rárá. Ọjọ́ tí a bá san owó náà pé ni iṣẹ́ parí, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan tàbí lẹ́yìn ogún ọdún. Fún ìdí èyí, ìjáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò bí kò ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè. Bí ìwọ̀fà bá sá lọ, gbèsè kò bá a lọ. Ọrùn ẹbí àti onígbọ̀wọ́ ló kù sí. Àdéhùn náà kò ní ìwé, síbẹ̀ ó le ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Kòkó mú irú àdéhùn mìíràn wá ní ọ̀rúndún ogún. Àwọn alágbàṣe ọlọ́dún, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà àti láti apá odò Bẹ́núè, a máa gba oúnjẹ àti ibùsùn lọ́wọ́ olóko láàárín ọdún; owó wọn di ìgbà tí a bá ta kòkó tán. Ẹni tó bá ṣíwọ́ kí ọdún tó pé lè lọ lọ́wọ́ òfo. Kí a má ṣe rò pé ìwà àwọn olóko Yorùbá nìkan nìyí. Ní 1795, nínú ẹjọ́ Cutter àti Powell, ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé opó atukọ̀ kan kò ní gba kọ́bọ̀ nínú ọgbọ̀n gínì tí a ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀, nítorí pé ó kú sójú òkun kí ọkọ̀ tó láti Jàmáíkà dé Liverpool. Iṣẹ́ odindi, owó odindi. Èrò yìí náà ni ọ̀gá tó há owó oṣù mọ́wọ́ ṣì ń tẹ̀ lé, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Cutter rí.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, tí ìjọba ológun Yakubu Gowon gbé jáde, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìtumọ̀ tí ó fún òṣìṣẹ́ gba àdéhùn ẹnu àti ti ìwé mọ́ra bákan náà. Abala kọkànlá so ìfitónilétí mọ́ iye ìgbà tí a ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì de ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ pọ̀: ọjọ́ 1 bí kò bá ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 láti ọdún 2 títí tí yóò fi ku díẹ̀ kó pé ọdún 5, oṣù 1 láti ọdún 5 lọ sókè. Àkàbà yìí jọ ti òfin àdéhùn iṣẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1963, tí òun náà fi ọdún 2 àti ọdún 5 ṣe àmì. Ìyàtọ̀ pàtàkì ni pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ̀sẹ̀ 1 péré lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ti Nàìjíríà gbé ẹrù kan náà lé ẹni méjèèjì lórí, bí ẹni pé agbára wọn dọ́gba.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ya ni lẹ́nu. Ìfitónilétí tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹni tí a fi ẹnu gbà síṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé jáde! Ṣùgbọ́n abala keje ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí agbaniṣíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àwọn kókó àdéhùn rẹ̀, títí kan àkókò ìfitónilétí, kí oṣù 3 tó pé. Àìsí ìwé, nígbà náà, ẹ̀bi ọ̀gá ni. Kò sì yẹ kí ó fi ṣe ohun ìjà.

Ní ti owó, abala kọkànlá kan náà ní kí a san gbogbo owó iṣẹ́ kí àkókò ìfitónilétí tó parí. Ẹnì kìíní lè yọ̀ǹda ìfitónilétí fún ẹnì kejì, ó sì lè gba owó dípò rẹ̀. Owó oṣù gan-an ni a ó fi ṣírò rẹ̀, láìka àjẹmọ́nú. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ lójijì, ohun tí ọ̀gá lè béèrè kò sábà ju iye owó àkókò tí kò fi tó o létí lọ. Kò lè fipá dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ yọ nínú owó tó ti ṣiṣẹ́ fún láìjẹ́ pé òfin fọwọ́ sí i.

Òfin náà kò kan gbogbo ènìyàn. Kò ka ẹbí agbaniṣíṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, kò ka ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ilé, kò sì ka àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti alábòójútó tàbí ti ìmọ̀ àkọ́mọ̀ọ́ṣe. Ní gúúsù Èkìtì, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ti ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá rẹ̀, àyọkúrò àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Fún irú wọn, òfin àjogúnbá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìfitónilétí bọ́gbọ́n mu: a ó wo ipò ẹni náà, bí wọ́n ṣe ń sanwó fún un, àti àṣà iṣẹ́ náà. Ibí yìí ni àṣà ìlú ti tún wọlé, nítorí adájọ́ tó bá béèrè àṣà iṣẹ́ oko ní Ìgbàrà-Odò yóò gbọ́ nípa ìgbà títa kòkó. Láti ìgbà tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fi ìdí agbára rẹ̀ múlẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-Èdè ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Àmọ́ ẹni tí owó oṣù kan péré há sọ́wọ́ ọ̀gá kì í sábà rí owó agbẹjọ́rò san, nítorí náà iwájú baálé, tàbí iwájú onídùúró tó mú un wá síbi iṣẹ́, ni a ti ń parí rẹ̀.