Martin Hellman àti Ìmọ̀ Tí Ìjọba Fẹ́ Fi Pamọ́

Láti ìgbà láéláé ni àwọn ọba àti àwọn jagunjagun ti ń wá ọ̀nà tí ọ̀tá kò fi ní lè ka ìwé tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, títí di nǹkan bí ọdún 1970, NSA, iléeṣẹ́ ìjọba kan, nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ìmọ̀ yìí.

Ọdún 1971 ni Martin Hellman, ẹni tí a bí ní New York ní 1945, di olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford. Nígbà tí ó yan ẹ̀kọ́ yìí láàyò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un: kí ni olùkọ́ kan lè rí tí ìjọba, tòun ti owó rẹ̀, kò tíì rí? Hellman kò yẹsẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976, òun àti Whitfield Diffie fi hàn nínú àpilẹ̀kọ kan pé ẹni méjì tí kò rí ara wọn rí lè fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ní gbangba, kí ẹni tó ń fetí kọ́ wọn má sì mọ kọ́kọ́rọ́ náà.

Ní 1977, òṣìṣẹ́ NSA kan kọ̀wé sí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, pé títẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lè lòdì sí òfin tó de títa ohun ìjà sí òkè òkun. Agbẹjọ́rò Stanford ní yunifásítì yóò gbèjà Hellman bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ̀bi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sẹ́wọ̀n. Ó tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ralph Merkle àti Stephen Pohlig, má sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, níbi àpérò kan ní Yunifásítì Cornell, Hellman ló ka iṣẹ́ wọn. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọhùn, kí gbogbo ènìyàn lè mọ àwọn tó ni iṣẹ́. Ìjọba kò pè é lẹ́jọ́.

Ní 1997, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun, James Ellis, Clifford Cocks àti Malcolm Williamson, ti ṣe irú àwárí yìí ṣáájú. Àwárí tiwọn wà nínú àpótí ìjọba; ti Hellman àti Diffie bọ́ sí gbangba, àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ́lé lé e lórí. Lára ìpìlẹ̀ yẹn ni ààbò owó tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti jáde. Àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2015.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí onílé fi pamọ́. Ìmọ̀ bí a ṣe ń rọ àgádágodo, ti gbogbo ayé ni.