Ìgbà wo ni nǹkan oṣù máa ń padà lẹ́yìn ìbímọ? Ohun tó yẹ kí abiyamọ Mùsùlùmí mọ̀

Bí ìkómọ bá ti kọjá, tí àlejò ti lọ tán, ìbéèrè kan máa ń kù nílẹ̀ fún ìyá ọmọ: ìgbà wo ni nǹkan oṣù òun yóò padà? Ní Adéwọlé àti káàkiri Ìlọrin, ìbéèrè tí a lè bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, a sì lè bi àáfà náà. Ìrun, ààwẹ̀, oyún mìíràn àti iddah ló rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀jẹ̀ kan sí èkejì lè fi ìrun sílẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kì í ṣe nǹkan oṣù

Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn ìbímọ, tí àwọn àáfà ń pè ní nifaas, kì í ṣe nǹkan oṣù. Ilé ọmọ ló ń fọ ara rẹ̀ mọ́, ojú ibi tí ìkejì ọmọ ti já sì ń jiná. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó máa ń pupa. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di omi tó funfun tàbí tó pọ́n bí ìyeyè. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń dá láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ìgbà tí nǹkan oṣù máa ń padà

Obìnrin tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá sábà máa ń rí nǹkan oṣù láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan, lọ́sàn-án àti lóru, lè má rí i fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn kì í rí i títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ti ń fa ọmú, ara ìyá máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prolactin sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí ló ń pèsè omi ọmú. Fífa ọmú yìí kan náà kì í jẹ́ kí ẹyin gbó. Bí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, àgbo tàbí ògì, tó sì ń sùn mọ́jú láìmu ọmú, okùn náà á tú, nǹkan oṣù á sì padà. Oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ lè rí ségesège: ó lè pọ̀, ó lè kéré, ó lè fo oṣù kan. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Oyún lè ṣáájú nǹkan oṣù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹyin ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ a sì tẹ̀ lé e ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, obìnrin lè lóyún lé ọmọ ọwọ́ láìtíì rí nǹkan oṣù rárá.

Ọmú lè dáàbò bo ìyá bí nǹkan mẹ́ta bá pé: nǹkan oṣù kò tíì padà, ọmú nìkan ni ọmọ ń mu tọ̀sán-tòru, ọmọ kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú 100 obìnrin, nǹkan bíi 2 péré ló lè lóyún. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ààbò náà ti dín kù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà wá níyànjú pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Fífètò sí ọmọ bíbí kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀sìn: nínú hadiisi Jabir tó wà nínú Bukhari àti Muslim, àwọn sàhábà ń ṣe azl nígbà ayé Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a).

Bí a ṣe ń mọ ẹ̀jẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì

Ọ̀nà Imaamu Malik ni ọ̀pọ̀ àáfà Ìlọrin ń tẹ̀ lé. Òpin ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lọ́nà yìí jẹ́ 60 ọjọ́, bákan náà ni lọ́nà Imaamu Shafi'i. Lọ́dọ̀ Imaamu Abu Hanifa àti Imaamu Ahmad, 40 ọjọ́ ni, nítorí hadiisi Ummu Salamah.

Kò sí iye ọjọ́ tó kéré jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá ní ọjọ́ kẹwàá, kí obìnrin wẹ̀, kí ó kírun. Dídúró de ogójì ọjọ́ nígbà tí ara ti mọ́ kì í ṣe òfin. Àmì méjì ni a fi ń mọ̀: kí òwú tí a fi nù ún jáde ní gbígbẹ, tàbí kí omi funfun jáde.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, tó tún padà láìtíì pé 60 ọjọ́, ọjọ́ tí ara fi mọ́ ni kí a kà. Bí kò bá tó 15, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni ó ṣì jẹ́. Bí ó bá pé 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nǹkan oṣù tuntun ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀jẹ̀ dá ní ọjọ́ 25. Bí ó bá padà ní ọjọ́ 31, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 45 ló padà, nǹkan oṣù ti dé.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń wá láìdá kọjá 60 ọjọ́, istihaada ni: kí obìnrin wẹ̀, kí ó di aṣọ mọ́ra, kí ó ṣe àlùwàlá, kí ó máa kírun, kí ó sì máa gba ààwẹ̀. Ìrun tó bọ́ lásìkò ẹ̀jẹ̀ ìbímọ tàbí nǹkan oṣù, a kì í san án. Ààwẹ̀ ni a ń san, gẹ́gẹ́ bí Aishah ṣe ṣàlàyé.

Ṣé nǹkan oṣù máa ń ba omi ọmú jẹ́?

Rárá. Ó lè dín kù díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ ni ó ṣì jẹ́. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ tún wà pé bí ọkọ bá súnmọ́ abiyamọ, omi ọmú á bàjẹ́. Nínú Muwatta àti Sahih Muslim, Ànọ́bì fẹ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó rántí pé àwọn ará Róòmù àti Páṣíà ń ṣe é, kò sì pa ọmọ wọn lára.

Abiyamọ tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀

Súrà Baqarah, ẹsẹ 228, fi iddah obìnrin tí ọkọ kọ̀ sí òǹkà mẹ́ta, kì í ṣe oṣù mẹ́ta orí kàlẹ́ńdà. Bí ọmú bá dá nǹkan oṣù dúró, ìdúró náà á gùn. Muwatta sọ ìtàn Habban, tó kọ ìyàwó rẹ̀ ará Ansar nígbà tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ọdún kan kọjá, Habban kú, obìnrin náà kò sì tíì rí nǹkan oṣù. Ó ní òun yóò jogún. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Uthman ọmọ Affan, ó sì dájọ́ pé kí ó jogún, gẹ́gẹ́ bí Ali ṣe tọ́ wọn sọ́nà. Nítorí náà, kí abiyamọ tí ọkọ kọ̀ má fẹ́ ọkọ mìíràn nítorí pé oṣù mẹ́ta ti pé. Kí ó bi àáfà tó mọ fíkíì.

Ìgbà tó yẹ kí a sáré lọ sílé ìwòsàn

Ẹ má fi àgbo nìkan dúró bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì kan láàrin wákàtí kan, bí ègé ẹ̀jẹ̀ ńlá bá ń já, bí ó bá ń rùn burúkú, tàbí bí ibà, òòyì tàbí inú rírun líle bá bá a rìn. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè pa ìyá láàrin wákàtí díẹ̀.

Ní ìparí, kí abiyamọ máa kọ ọjọ́ sílẹ̀: ọjọ́ ìbímọ, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá, àti ọjọ́ tí ó padà. Ìwé kékeré yìí ni dókítà yóò béèrè, òun náà ni àáfà yóò fi dáhùn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.