Ẹ̀fẹ̀ Kì í Ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì? Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Láti 1935, tí ìjọba amúnisìn ti fa wáyà rédíò wọ inú ilé àwọn èèyàn l'Ékòó, la ti ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fóònù lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, ìlú ìyá mi. Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹlẹ́fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá wa àti àgbà ìlú, kó tó wá fi orin tú àṣírí: olè, alágbèrè, olóyè tó jẹ owó ìlú. Tí orin náà bá wọlé, gbogbo ọjà á gbè é. Lójú tèmi, ègbè yẹn ni ìdájọ́ gan-an.

Ogun Dàhòmì kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà sáàárín àwa àti àwọn èèyàn wa ní Sakété. Orin ò mọ ààlà ṣá. Nígbà tí UNESCO máa bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, Benin, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n jọ dárúkọ.

Láàárín 1970 sí 1980, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal, wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wa (Ẹ̀gbádò là ń jẹ́ nígbà náà). Ìwé wọn lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde ní 1983, àwòrán wọn sì wà ní Smithsonian ní Washington. Mo dúpẹ́ pé ó wà. Àmọ́ ta ló ní físà?

Emeka Ogboh náà ti ń gba ariwo Èkó sílẹ̀ láti nǹkan bí 2008. Igbe kọ̀ńdọ́ dáńfó, “Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì!”, máàpù àfẹnuyà ló kà á sí. Ó ń fi sípíkà gbé ariwo yẹn jáde fún àwọn ará Yúróòpù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, òun náà ló jẹ́ kí n gbé fóònù lọ sọ́jà lóru.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi íápíìsì sétí ìyá àgbà, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè jáde. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ń gbè é, fóònù sì ń sáré lọ ní tirẹ̀.

“Kò dúró dè mí,” ló wí.

A dé orí orin tó dárúkọ ọkùnrin kan. Ìyá yọ íápíìsì létí.

“Ọmọ mi, má gbé èyí sórí ẹ̀rọ o. Ó ti wá tọrọ àforíjì láàárọ̀ yìí, a sì ti gbà. Ṣé ìyẹn wà nínú ohun tó o gbà sílẹ̀?”

Kò sí níbẹ̀. Mo pa orin náà rẹ́ lójú ìyá. Ìlù tí ẹ gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ ètò yìí ló kù.