Ọmọ Kábéèjì ní Ilẹ̀ Festac: Ìtàn Ohun Tí A Ṣí Nípò

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ gbé ohun kékeré kan yẹ̀ wò, èyí tí ìtàn ńlá fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ohun náà ni ṣíṣí ọmọ kábéèjì kúrò níbi tí a kọ́kọ́ fọ́n irúgbìn rẹ̀ sí, lọ sórí ebè tí yóò ti dàgbà. Ìlú Festac, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ náà ni ó ti di ọ̀rọ̀ ìtàn sí mi nínú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, oṣù Kẹta ni, nígbà tí ooru Èkó ń mú bí iná. Mo hú ọmọ kábéèjì méjìdínlógún lọ́sàn-án gangan, mo sì gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, ọmọ Ègùn láti ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀bá odò ẹ̀gbin kan. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àrokobọ́dúndé o, Mà." Ó dáhùn pé, "Àṣẹ o, ọmọ mi." Nígbà tí mo ro ẹjọ́ mi tán, ó wò mí títí, ó wá ní, "Ṣé a máa ń gbé ìkókó jáde sínú oòrùn ọ̀sán ni?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé àkókò ni mo ṣì. Ìparí òjò ni à ń fọ́n irúgbìn náà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí atẹ́gùn ọyẹ́ díẹ̀ sì lè bá wọn. Wọn yóò wà lábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí wọn yóò fi yọ ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún gidi. Bí ọjọ́ ṣíṣí bá ku díẹ̀, a ó dín omi wọn kù, a ó sì máa jẹ́ kí oòrùn rí wọn díẹ̀díẹ̀, kí ara wọn lè le. Ní ọjọ́ náà gan-an, a ó bu omi sí wọn dáadáa kí a tó hú wọn, kí erùpẹ̀ lè dì mọ́ gbòǹgbò. Ìrọ̀lẹ́ ni a ó gbìn wọ́n. A ó rì wọ́n sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé àkọ́kọ́, a ó fi ọwọ́ tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí wọn, a ó sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, imọ̀ ọ̀pẹ ni a ó fi ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá hú ọ̀gbìn, àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín tí ó ń fa omi ni ó máa ń já. Ewé kò mọ̀ pé nǹkan ti já nísàlẹ̀. Ó ń tú omi sáfẹ́fẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ibòji ni ó ń ra àkókò fún gbòǹgbò tuntun láti hù.

Àjèjì pátápátá ni kábéèjì fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Etí òkun Yúróòpù ni àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń hù fúnra wọn wà, ibi tútù sì ni ó fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òkè Jos, tí ó ga ju 1,000 mítà lọ, ni ó ti ṣe dáadáa jù ní Nàìjíríà, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó o wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Bí a bá gbin irú tí ó wà fún ilẹ̀ òtútù sí Èkó, ewé lásán ni yóò máa yọ, kò ní dì. Irú tí a ti tọ́ mọ́ ooru ni a ń wá.

Àṣà ṣíṣí ọ̀gbìn nípò kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 1887, lábẹ́ Gómìnà Alfred Moloney, ni ìjọba amúnisìn dá ọgbà ìdánwò ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dán ọ̀gbìn tí ó lè mówó wọlé wò, kí ó sì pín ọmọ igi fún àwọn àgbẹ̀. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti gba orí òkun wá láti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Ẹ wo bí ó ti rí ní ti èdè: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti gba orúkọ nínú ilé, débi pé kò sí ẹni tí ó rántí pé àlejò ni wọ́n. Ata tí ó ti Amẹ́ríkà wá pín orúkọ pẹ̀lú ataare, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kábéèjì ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ó bá ọkọ̀ wá. Kò tíì pẹ́ tó láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Festac. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation. Owó epo rọ̀bì ti mú kí ọ̀pọ̀ kọ ẹ̀yìn sí oko, oúnjẹ òkèèrè sì ń ya wọlé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù tí ó bá ní àyè lẹ́yìn ilé gbin nǹkan sí i. Láàárín àkókò kan náà ni ìjọba yìí ń kọ́ ìlú tuntun sórí ilẹ̀ àbàtà ní ọ̀nà Àgbádárìgì, ní agbègbè tí àwọn Àwórì ti tẹ̀ dó tipẹ́. Nǹkan bí 17,000 àlejò ni wọ́n ń retí fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977. Ti àkọ́kọ́ ti wáyé ní Dakar ní 1966. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ibi gbogbo. Gbogbo wọn ni a ṣí nípò.

Ètò oko náà kò fìdí múlẹ̀ bí ìlú náà. Wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko nígbà ìsinmi, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n lọ bá ti ń ṣe láti kékeré. Nígbà tí ìjọba ológun lọ ní 1979, Ààrẹ Shehu Shagari gbé Green Revolution kalẹ̀ dípò rẹ̀ ní 1980. Àwọn tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ sábẹ́ wáyà iná ńlá àti sí etí títì kò dúró de ètò kankan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹni tí kò ní ìwé, tí ó kàn ń ro ibi tí ó ṣófo, kò ní ohun tí yóò fi jà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ṣọ́ọ̀bù kan lónìí, ibùdó ọkọ̀ kan lọ́la.

Ní ọdún kan, mo lọ kí Ìyá, mo bá odi bíríkì níbi tí ebè rẹ̀ wà. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tí mo yíjú sí ẹ̀yìn odi ni mo rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ kábéèjì kún inú abọ́ àlòkù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti hú wọn kí àwọn abíríkì tó dé. Ó ní, "Ọmọ mi, wá bá mi gbé imọ̀ ọ̀pẹ yẹn." Mo sì gbé e. Ogún ó lé mẹ́ta ni a gbìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mọ́kàndínlógún ni ó dì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ bi àwọn àgbà yín léèrè: orúkọ wo ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ṣíṣí ọ̀gbìn nípò ní ẹ̀ka èdè tiyín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó dìgbà kan ná o.