Ta ló gbẹ́ yìnyín yẹn?

Ẹ jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Maryland lóṣù Kejìlá, wọ́n mú mi lọ wo ICE! ní hòtẹ́ẹ̀lì Gaylord National. Nígbà Kérésì, wọ́n á kó yìnyín bíi pọ́n-ùn mílíọ̀nù méjì jọ, wọ́n á fi gbẹ́ èèyàn, ẹranko, ilé, títí kan òkè tí ọmọdé ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Dígírì 9 Fahrenheit ni inú ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ 32 ni omi ti ń dì. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní kóòtù búlúù gbọọrọ kó tó wọlé. Gbogbo wa wá dà bí ọmọ iléèwé kan náà.

Yìnyín tí a mọ̀ n'Ípotì kò ju méjì lọ: èyí tó ń já lu páànù nígbà òjò, àti áìsì bulọ́ọ̀kù tí àwọn tó ń ta omi tútù ń rà. Ẹnu yà mí. Mo ya fídíò, iṣẹ́ mi ṣáà ni, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà.

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ẹ wá ń sanwó kí òtútù lè mú yín?" Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó mà dára o. Ta ló gbẹ́ ẹ?"

Mi ò mọ̀. Mi ò bi ẹnì kankan.

Wọn ò béèrè lásán. Lọ́dọ̀ wa níwọ̀-oòrùn Èkìtì, ẹni tó bá mọ òpó gbígbẹ́ ààfin Aláayè n'Ẹ́fọ̀n mọ̀ pé Agbọ́nbíọfẹ́, ọmọ ìdílé Adéṣínà, ló gbẹ́ wọn. Láti 1945 ló ti kú, wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀.

Ni mo bá lọ wádìí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Harbin, ní àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, ni wọ́n ń kó wá ṣiṣẹ́ náà. Ní Harbin, odò Songhua ń dì débi pé ayùn ni wọ́n fi ń gé e bí ẹni ń la pákó. Láyé àtijọ́, àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń bu omi sínú garawa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dì, wọ́n á da omi àárín nù, wọ́n á gbé àbẹ́là sí i. Afẹ́fẹ́ ò lè pa á. Àtùpà tálákà ni o! Ní 1963 ni ìlú sọ ọ́ di àfihàn, rògbòdìyàn ayé Mao dá a dúró, ó sì di ọdún ńlá ní 1985.

Ti Rọ́ṣíà gan-an ni ò jẹ́ kí n sùn. Ní ìgbà òtútù 1740, Ọbabìnrin Anna Ivanovna ní kí wọ́n kọ́ ààfin yìnyín ní St. Petersburg. Bẹ́ẹ̀dì yìnyín, ìrọ̀rí yìnyín, erin yìnyín tó ń tu omi lọ́sàn-án, tó ń tu iná lóru. Àgbá yìnyín tó ń yìn ní ti gidi! Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìjòyè kan, Mikhail Golitsyn, ti fẹ́ obìnrin Kátólíìkì, inú bí Anna, ó sọ ọ́ di aláwàdà ààfin. Kò tán síbẹ̀. Ó fi Avdotya Buzheninova, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, fún un ní ìyàwó tipátipá, ó ní kí wọ́n sùn mọ́jú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, sójà sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àwọn méjèèjì ò kú o. Pyotr Yeropkin tó ya àwòrán ààfin náà ni wọ́n bẹ́ lórí lọ́dún yẹn kan náà, torí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Anna náà kú kí ọdún tó parí. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, mi ò bá orúkọ ẹnì kan pàdé lára àwọn tó fi ọwọ́ gbẹ́ erin yẹn.

Mo pe ìyá àgbà padà, mo ní ará Ṣáínà ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé gbogbo Ṣáínà ló gbẹ́ ẹ ni?"

Mo tún fídíò yẹn wò. Ọkùnrin kan wà létí ọ̀nà, irin ìgbẹ́nà lọ́wọ́ rẹ̀, yìnyín wẹ́wẹ́ lára kóòtù rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá méjì tí mo fi yí kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀, kí ojú tèmi lè hàn dáadáa.