Àwọn Sójà Alẹ́ Sátidé ti Northumberland

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn tó ń ṣe sójà mọ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kò ní gùn.

Ní ọdún 1908, Haldane, mínísítà ogun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọmọ ogun afínnúfíndọ̀ jọ, wọ́n ń jẹ́ Territorial Force. Ọ̀kan nínú wọn ni brigade ti Northumberland, ní ìhà àríwá, lọ́dọ̀ọ̀ Newcastle. Battalion mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìkẹrin títí dé ìkeje ti Northumberland Fusiliers. Ta ni wọ́n? Awakùsà èédú, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí odò Tyne, akọ̀wé, àgbẹ̀ láti ìhà Alnwick. Wọ́n á ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á lọ ṣe parade lálẹ́. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á lọ pàgọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní sójà alẹ́ Sátidé.

Ẹ wá gbọ́ àdéhùn inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí o: ilé ni wọ́n á ṣọ́. Kò sẹ́ni tó lè fipá kó wọn kọjá òkun. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1914, ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn. Lord Kitchener tó di mínísítà ogun nígbà yẹn ò tilẹ̀ ka irú wọn sí, ẹgbẹ́ ogun tuntun ló ń dá sílẹ̀. Síbẹ̀ náà, wọ́n fọwọ́ sí i.

Oṣù kẹrin 1915 ni wọ́n dé France. Lọ́jọ́ 22 oṣù yẹn, Jámánì tú gáàsì olóró sílẹ̀ ní Ypres ní Belgium, ojú ogun sì ya. Wọ́n sáré kó àwọn èèyàn wa yìí lọ dí i. Lọ́jọ́ 26, ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, àṣẹ dé: kí wọ́n kọlu abúlé St Julien ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 35! Wọn ò mọ ilẹ̀ náà, kò sì sáyè láti yọ́ ọ wò. Pápá gbalasa ni wọ́n gbà lọ, ìbọn arọ̀jò-ọta ń kó wọn nílẹ̀. Ọwọ́ wọn ò tẹ abúlé ọ̀hún. Èèyàn 1,954 ló kú, tó fara gbọgbẹ́, tàbí tí a ò rí mọ́, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Riddell, ọ̀gágun wọn, kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n di brigade 149, wọ́n sì jà dé ọdún 1918. Orúkọ ẹgbẹ́ ńlá náà di Territorial Army. Láti 2014, Army Reserve ni wọ́n ń pè é.

Àwọn kan á ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ni ò tó. Èmi wá bi yín: sójà wo ni ìṣẹ́jú 35 tó fún? Ọ̀gá ló yẹ kó wá àkókò àti ìròyìn fún wọn, ìgboyà ni tiwọn, wọ́n sì mú un wá. Ẹni tó bá finú-fẹ́dọ̀ jáde fún wa, gbèsè rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ó dàárọ̀ o. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi voice note ránṣẹ́.