Yìgì àti Ìwé Ìjọba: Ọ̀nà Méjì Ni

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni ó ń so yìgì tán, tí wọ́n tún ń lọ fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì, tí wọ́n rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1884 ni wọ́n gbé òfin ìgbéyàwó jáde níbẹ̀. Ní 1914 ó di ti gbogbo Nàìjíríà. Òfin yìí ní kí ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó kọ̀wé sí akọ̀wé ìjọba. A ó lẹ ìwé náà síta fún ọjọ́ 21; bí ẹnikẹ́ni kò bá ta kò ó, a ó fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbéyàwó kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé. Ọkọ kan, aya kan ni òfin náà mọ̀.

Ìdájọ́ méjì ní Èkó fi agbára rẹ̀ hàn wá. Ní 1898, ẹjọ́ ogún bẹ́ sílẹ̀ ní ìdílé Cole. Ọmọ Èkó ni olóògbé náà, ṣùgbọ́n Sàró ni ó ti gbéyàwó ní ìlànà Kìrìsìtẹ́nì. Arákùnrin rẹ̀ fi àṣà ìbílẹ̀ bèèrè ogún. Kóòtù ní òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ó kan ogún náà.

Ní 1900, ti Elese dé. Yorùbá ni, wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ Selia ní ìlànà Mùsùlùmí, wọ́n sì tún ṣe ti Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó, ó fẹ́ Asatu ní ìlànà Mùsùlùmí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kóòtù dájọ́ pé ọmọ Asatu náà ní ẹ̀tọ́ sí ogún, nítorí pé Mùsùlùmí ni wọ́n.

Títí di òní, Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ti Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, yìgì tí ó ní àṣẹ walì, ẹlẹ́rìí méjì àti sọ̀dáàkì ti pé. Kò dúró de ìwé àṣẹ rẹ́jísírì. Ẹni tí ó bá sì ti fọwọ́ sí ti ìjọba, tí ó tún fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e ní ìlànà ìbílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 wà nínú òfin náà fún un. Ogún rẹ̀ pẹ̀lú lè bọ́ kúrò nínú ìpín tí Súrà Nisáì là sílẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-kéwú kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé rẹ́jísírì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí tọkọtaya mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ẹ gba ìwé yìgì lọ́wọ́ mọ́sáláṣí, kí orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ bi àlùfáà, ẹ bi agbẹjọ́rò. Abèèrè kì í ṣìnà.

Kí Allah fi ìfẹ́ àti àánú sí ilé wa. Àmín.